Ọ̀nà Ẹsẹ̀ Ìtòsí London, fún Àwa àti Àwọn Màmá Wa

Ọ̀pọ̀ màmá ló ń ti Nàìjíríà wá sí London láti wá bá ọmọ wọn tọ́jú ìkókó. Wọn yóò dé, wọn yóò máa wẹ ọmọ, wọn yóò máa se ọbẹ̀, wọn yóò lo oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà, wọn yóò sì padà sílé láìmọ̀ ju yàrá, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà Peckham lọ. Bí mo ṣe ń rí i lọ́dọ̀ àwọn màmá àdúgbò wa ní Thamesmead nìyẹn, kò sì dùn mọ́ mi rárá. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe. Mo mọ ohun tí àjókòópẹ́ ń ṣe fún orúnkún, mo sì mọ ohun tó ń ṣe fún ọkàn. Kí màmá tèmi tó dé ni mo ti pinnu pé Sátidé tí mi ò bá ti lọ síbi iṣẹ́, a ó jáde kúrò láàárín ilé àti títì. Inú ìrìn yẹn, àti èyí tí mo ti ń dá rìn kí wọ́n tó dé, ni mo ti kọ́ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ìtòsí ilé ni mo ti kọ́kọ́ mú wọn lọ, mi ò sì mọ ibi tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ láti bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line ní Abbey Wood, ẹ ò ní rìn jìnnà kí ẹ tó dé àwókù ilé àwọn mọ́ǹkì tí wọ́n ń pè ní Lesnes Abbey. Richard de Luci ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1178. Ògiri òkúta díẹ̀ ló kù níbẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ gíga ló wà, ẹ ó dúró síbẹ̀, ẹ ó máa wo àwọn ilé gogoro àárín London lókèèrè. Igbó ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, òdòdó daffodil tó ń lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀ a bo ilẹ̀ igbó náà. Bó bá di oṣù kẹrin, bluebell a gba ipò rẹ̀. Láti ibẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Green Chain yóò gba inú igbó Bostall, yóò sì gbé yín dé Oxleas Wood ní Shooters Hill. Igbó Oxleas yìí ti wà fún ohun tó lé ní 8,000 ọdún. Ìjọba fẹ́ la títì ńlá gba inú rẹ̀ kọjá, àwọn ará àdúgbò takú, wọ́n bá ìjọba fà á títí, nígbà tó sì di 1993 ìjọba jáwọ́. Kafẹ́ kan wà lókè ibẹ̀ tí wọ́n ti ń ta tíì gbígbóná, ibi ìtura sì wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ ibi ìtura yìí. Mo ṣì ń bọ̀ wá síbẹ̀.

“Ta ló ni ibí yìí? Ṣé wọn ò ní lé wa báyìí?” Ohun tí màmá mi kọ́kọ́ bi mí nìyẹn nígbà tí a wọ inú igbó. Ìbéèrè yẹn gan-an ló ń dá ọ̀pọ̀ nínú wa dúró sílé. A rò pé ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ìlú, ti àwọn olówó aláwọ̀ funfun ni, pé bí a bá dé ibẹ̀ wọn á máa wò wá bíi olè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òfin sọ, nítorí ọjọ́ tí èmi fúnra mi mọ̀ ọ́n ni ẹ̀rù ti kúrò lára mi.

Ní England àti Wales, àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà tó jẹ́ ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn láti gbà kọjá, bí wọ́n tilẹ̀ gba àárín oko olóko. Onílẹ̀ ló ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní àṣẹ láti dí ọ̀nà. Àpapọ̀ gígùn irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ju 200,000 kìlómítà lọ. Ẹnikẹ́ni ò ní bi yín léèrè ìwé ìrìnnà tàbí ibi tí ẹ ti wá. Ọfà kékeré tí wọ́n kàn mọ́ òpó tàbí géètì ni ẹ ó máa wò: ọfà aláwọ̀ ìyeyè jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀, aláwọ̀ búlúù jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀, ẹlẹ́ṣin àti oníkẹ̀kẹ́. Lórí máàpù Ordnance Survey, ilé iṣẹ́ tó ń ya máàpù Britain, èyí tí wọ́n ń pè ní Explorer, àwọ̀ ewé ni wọ́n fi ń fa ìlà ọ̀nà wọ̀nyí, ní gégé-gégé. Bí ẹ bá rí pátákó tí wọ́n kọ “Private” sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó ní ọfà, ilẹ̀ ọ̀tún àti òsì ló ń sọ, kì í ṣe ojú ọ̀nà tí ẹ wà.

Ọkùnrin kan ti dá wa dúró rí ní abúlé kan ní Kent, ó ní kò sí ọ̀nà níbẹ̀. Mi ò bá a jà. Mo ṣí máàpù, mo fi ìka tọ ìlà náà fún un, mo sì fi ọfà tó wà lára òpó ẹ̀yìn rẹ̀ hàn án. Ó wò ó, ó yà fún wa. Màmá mi kí i bí a ti ń kọjá, ó sì dá wọn lóhùn. Òun nìkan ni irú rẹ̀ tí mo tíì bá pàdé. Àwọn yòókù, kíkí ni wọ́n ń kíni. Láàárín London ẹnikẹ́ni kì í kí ẹni tí kò mọ̀, ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà ẹsẹ̀, gbogbo ẹni tí ẹ bá pàdé ló máa ń kí yín. Inú màmá mi dùn sí èyí ju gbogbo ohun tó kù lọ. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé àwọn èèyàn yìí ní ẹnu ìkíni rárá.

Kì í ṣe ọba tàbí ìjòyè ló fi inú rere fún aráàlú ní àwọn ọ̀nà yìí. Wọ́n jà fún un ni. Ẹnì kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo Yorùbá tó wà ní London mọ̀, John Lewis ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin tó ń pọn ọtí tà ní Richmond. Ọba Charles Kìíní ló mọ ògiri yí Richmond Park ká lọ́dún 1637, kó lè rí ibi máa dọdẹ àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n aráàlú ṣì ń rí ọ̀nà gbà kọjá nínú rẹ̀. Nígbà tí Princess Amelia, ọmọ Ọba George Kejì, di alábòójútó ibẹ̀ lọ́dún 1751, ó ti ibẹ̀ pa mọ́ wọn, àfi ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ. Lewis gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, ó sì jàre lọ́dún 1758. Wọ́n bi í bóyá ìlẹ̀kùn ló fẹ́ tàbí àkàsọ̀ tí èèyàn yóò fi máa gun ògiri. Ó rò ó pé ìlẹ̀kùn ṣe é tì pa, ó ní àkàsọ̀ lòun fẹ́. Àwọn tó kàn án wá fi àyè ńlá sáàárín igi kan àti èkejì, tó fi jẹ́ pé ọmọdé àti bàbá arúgbó kò lè gùn ún. Lewis tún padà lọ bá adájọ́. Adájọ́ Foster dáhùn pé òun náà ti fojú ara òun rí i, pé kí wọ́n tún un ṣe, kí ó má jẹ́ pé ọmọdé àti bàbá arúgbó nìkan ni yóò lè gùn ún, kí àwọn ìyá arúgbó náà lè gùn ún.

Nígbàkigbà tí mo bá dé ìdí àkàsọ̀ oko, ọ̀rọ̀ adájọ́ yẹn ni mo máa ń rántí. Irú àkàsọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì pọ̀ láàárín oko, wọ́n ń fi í gun ọgbà kí màlúù má baà jáde. Èyí tí màmá mi kọ́kọ́ gùn, pákó méjì péré ni, ọ̀kan ga ju èkejì lọ, òpó igi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ọwọ́ àwọn tó ti kọjá ti mú dán. Wọ́n kọ́kọ́ dúró wò ó. Wọ́n ká etí ìró wọn sókè, wọ́n há a sí ìbàdí, ṣòkòtò tí mo rà fún wọn sì hàn lábẹ́ rẹ̀. Mo sọ fún wọn ohun tí a máa ń sọ fún àwọn àgbàlagbà níbi iṣẹ́, pé ẹsẹ̀ tó lágbára ló ń kọ́kọ́ gòkè, ẹsẹ̀ tó ń dunni ló ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ òsì lé pákó, wọ́n di òpó mú, wọ́n fa ara wọn sókè, wọ́n yí padà lórí pákó kejì, wọ́n sì fi ẹ̀yìn sọ̀ jẹ́jẹ́. Mo na ọwọ́ sí wọn, wọn ò gbà á. Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn méjèèjì kan koríko tán, wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n ní, “Ó yá, ó kù bí mélòó?”

Epping Forest náà ní irú ìtàn yìí, ìtàn igi ìdáná sì ni, èyí tí màmá mi mọ̀ dáadáa. Àwọn tálákà ìlú Loughton ní ẹ̀tọ́ láti máa gé ẹ̀ka igi nínú igbó náà nígbà òtútù, láti ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹrin. Nígbà tí àwọn onílẹ̀ ń fi ọgbà yí igbó ká, Thomas Willingale, ọ̀kan lára àwọn tálákà náà, kò dẹ́kun gígé igi. Lọ́dún 1866 wọ́n rán àwọn kan nínú ẹbí rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n nítorí igi. Ọ̀rọ̀ náà di ariwo, City of London, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tó ń ṣàkóso àárín gbùngbùn London, gbé àwọn onílẹ̀ lọ sí kóòtù, nígbà tó sì di 1878 ilé aṣòfin ṣe òfin pé igbó náà kò gbọ́dọ̀ ní ọgbà mọ́, pé kí ó wà fún ìgbádùn gbogbo ènìyàn. Ọbabìnrin Victoria wá síbẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́dún 1882. Wọ́n fòpin sí gígé igi náà, wọ́n sì san owó gbà-má-bínú, òun ni wọ́n fi kọ́ Lopping Hall tó ṣì wà ní Loughton títí dòní.

Bí ẹ bá wọ inú igbó náà, ara igi ni ẹ ó ti ka ìtàn yìí. Ibi gíga tí ẹnu màlúù kò lè dé ni wọ́n máa ń gé igi sí, kí ẹ̀ka tuntun lè rúwé láìsí pé ẹran jẹ ẹ́. Nítorí náà, ìdí igi kan yóò ga tó èèyàn, yóò wú, yóò ní kókó káàkiri, láti orí kókó yẹn ni ẹ̀ka mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá yóò ti yọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti nípọn tó igi odidi báyìí, nítorí ọwọ́ kò kàn wọ́n mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti fòpin sí i. Màmá mi fọwọ́ pa ọ̀kan, wọ́n ní bí àwọn bá rí irú èyí ní Ìlá, igi òrìṣà làwọn ì bá pè é. Ọkọ̀ ojú irin Central line ló dé Loughton àti Theydon Bois, káàdì Oyster tí a fi ń wọkọ̀ ní London sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ ò nílò tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: bí ẹ bá rí olú, ẹ má fọwọ́ kàn án. Òfin igbó náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni ká a, àti pé irú èyí tó ń pani wà níbẹ̀ tó jọ èyí tí wọ́n ń jẹ. Ìmọ̀ olú tí a gbé ti ilé wá kò wúlò níbí.

Ọ̀rọ̀ ojúmọ́ ńkọ́? Ní ilé, ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba jálẹ̀ ọdún, ọkàn wa sì ti mọ ìgbà tí oòrùn ń wọ̀. Ní London, ní ìparí oṣù kẹfà, ojú ọjọ́ ṣì mọ́ kedere ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ní oṣù kejìlá, oòrùn á ti wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù, inú igbó a sì tètè ṣú ju ìta lọ. Ìlànà tèmi nígbà òtútù ni pé ibi yòówù kí a dé, bí aago kan ààbọ̀ bá ti lù, ibùdókọ̀ ojú irin la ń kọjú sí. Ẹ tún rántí pé Sunday tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá ni wọ́n ń dá aago padà sẹ́yìn. Lọ́jọ́ yẹn, wákàtí kan ìrọ̀lẹ́ á kàn ṣàdédé pòórá.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin ni mo ti rí i pé àwọn èèyàn wa ń ṣòfò owó jù. Bí ẹ bá pé mẹ́ta sí mẹ́sàn-án tí ẹ jọ ń lọ, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin tó wà ní agbègbè London ní ẹ̀dínwó tí wọ́n ń pè ní GroupSave, ó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú owó ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ò sì nílò káàdì kankan fún un. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ni, Family & Friends Railcard ló dára, ó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta fún àgbàlagbà, ó sì ń yọ 60% fún ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kì í san nǹkan kan. Ẹ máa yẹ ojú ìwé National Rail wò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nítorí òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa ń tún ojú irin ṣe, pàápàá ọjọ́ Sunday, wọ́n á sì fi bọ́ọ̀sì rọ́pò ọkọ̀ ojú irin. Èyí tó bá yẹ kí ó gba ogójì ìṣẹ́jú a di wákàtí kan ààbọ̀, orúnkún àgbàlagbà kò sì fẹ́ràn bọ́ọ̀sì yẹn.

Ibi ìtura tí mo ní mo ń bọ̀ wá sórí rẹ̀: ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ abúlé ni kò ní in. Kí n tó yan ojú ọ̀nà fún àwọn àgbà, ohun tí mo ń kọ́kọ́ wò ni ibi tí kafẹ́ wà, ibi tí ilé ọtí wà, àti bí ọ̀kan ṣe jìnnà sí èkejì. Bí mi ò bá rí ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ láàárín wọn, ọ̀nà náà dára. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo ń yí i padà. Ẹ lè wọ ilé ọtí abúlé láìmutí. Ẹ ra tíì tàbí omi ọsàn, ẹ jókòó, ẹ sinmi. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣí kúlà yín níbẹ̀. Orí koríko tàbí bẹ́ǹṣì ìta ni oúnjẹ tiwa wà fún. Mọ́ínmọ́ín ló dára jù, kò nílò gbígbóná, kì í dà sílẹ̀, ó sì ń dúró nínú. Ẹ fi ẹyin sísè àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún un, ẹ gbé tíì sínú fúláàsì. Màmá mi kò gbà láìsí ìrẹsì, nítorí náà a máa ń gbé ìrẹsì náà.

Nípa aṣọ, ẹrẹ̀ ni ẹ ó máa rò láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta. Amọ̀ pọ̀ nínú ilẹ̀ ibí, ẹrẹ̀ rẹ̀ ń fa bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀. Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín, ni kí ẹ ná owó lé. Èyí tó kù, ẹ lè rí i ní ọ̀pọ̀ ní ilé ìtajà àlòkù. Jíǹsì kò dára, bó bá ti mu omi kì í gbẹ. Màmá mi kò fi ìró wọn sílẹ̀, mi ò sì rọ̀ wọ́n. Ṣòkòtò gígùn lábẹ́, ìró lókè, ẹ̀wù òjò lé gbogbo rẹ̀ lórí, ó bá wọn mu, ó sì mú ara wọn yá.

Màlúù kò ní darandaran níbí. “Ta ló ń dà wọ́n?” ni màmá mi ń bi mí nígbà tí a rí agbo màlúù tó tẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà wa gan-an. Kò sẹ́ni tó ń dà wọ́n, inú ọgbà ni wọ́n wà. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ yí wọn ká, ẹ má sáré, ẹ má sì gba àárín màlúù àti ọmọ rẹ̀ kọjá láéláé. Ní Richmond Park, àgbọ̀nrín tó lé ní 600 ló ń rìn káàkiri. Ẹ fi 50 mítà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti wọn, kí ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá tí àwọn akọ ń bá ara wọn jà nítorí abo. Mo ti rí àwọn òbí tó ń ti ọmọ wọn sún mọ́ wọn nítorí fọ́tò, àyà mi sì já. Eégbọn wà nínú koríko gíga, ó lè kó àrùn Lyme ranni, nítorí náà ẹ ki ṣòkòtò bọ ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ sì yẹ ara àwọn ọmọ wò kí wọ́n tó sùn, pàápàá ẹ̀yìn orúnkún àti abíyá. Èsìsì ibí náà ń jóni, ó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ọ̀nà nígbà ooru.

Àwọn òkè ẹfun etíkun Sussex, Seven Sisters, mi ò lè má dárúkọ wọn. Ọkọ̀ ojú irin yóò gbé yín dé Seaford, ẹ ó fẹsẹ̀ gun Seaford Head, ẹ ó sì rí wọn níwájú, funfun báláú, òkun nísàlẹ̀. Ibẹ̀ rẹwà ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ṣùgbọ́n òkè náà ń wó sínú òkun lọ́dọọdún, koríko tí ẹ rí létí rẹ̀ lè máà ní nǹkan kan nísàlẹ̀, ẹni tó dúró lókè kò sì lè mọ̀. Ẹ jìnnà sí etí rẹ̀, ẹ sì má jókòó sí ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké, ẹ di wọ́n lọ́wọ́ mú ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wà lókè. Èmi kò mú màmá mi gun ibẹ̀, nítorí atẹ́gùn.

Eynsford ní Kent ni mo mú wọn lọ dípò rẹ̀. Ọ̀nà náà tẹ́jú, odò Darent ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì pẹ́ tí a fi dé àwókù ilé àwọn ará Róòmù ní Lullingstone. Nínú ilé yẹn, ní ọ̀rúndún kẹrin, yàrá kan wà tí àwọn Kristẹni ti ń jọ́sìn, tí wọ́n ya àwòrán àwọn tó ń gbàdúrà sí ògiri rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ nínà sókè. Àwòrán náà ti wà ní British Museum báyìí. Ó wà lára ẹ̀rí ìgbàgbọ́ tó pẹ́ jù ní Britain. Màmá mi jókòó síbẹ̀ pẹ́. Wọ́n gbàdúrà, mo sì dúró dè wọ́n.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ jù lọ ni Keston, lẹ́yìn Bromley. Bọ́ọ̀sì 146 ń lọ síbẹ̀. Ìsun omi kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Caesar's Well, òun ni orísun odò Ravensbourne, odò kan náà tó gba Catford àti Lewisham kọjá kó tó wọ Thames ní Deptford. Ọmọ tó bá ń gbé Lewisham, tó ń rí odò náà láàárín kọnkéré lójoojúmọ́, ẹ fi ibi tó ti ń sun hàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ lé ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ Holwood. Ẹ ó rí bẹ́ǹṣì òkúta kan tí wọ́n gbé síbẹ̀ lọ́dún 1862. Igi oak ńlá kan ló wà níbẹ̀ nígbà kan, abẹ́ rẹ̀ ni William Wilberforce àti William Pitt, tó jẹ́ olórí ìjọba, ti sọ̀rọ̀ lọ́dún 1787, tí Wilberforce sì pinnu pé òun yóò gbé ọ̀rọ̀ fífòpin sí òwò ẹrú lọ sí ilé aṣòfin. Ogún ọdún ló gbà kí òfin náà tó jáde, lọ́dún 1807. Nítorí òfin yẹn ni ọkọ̀ ogun ojú omi fi ń dọdẹ ọkọ̀ ẹrú ní etíkun wa, ọ̀kan nínú wọn ló sì gba ọmọdékùnrin kan ará Òṣogùn sílẹ̀ lọ́dún 1822, tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ́dún tó ṣáájú, tí wọ́n sì tà á l'Ékòó. Àjàyí ni ọmọ náà. Mo sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lórí bẹ́ǹṣì náà, mo ṣí Bíbélì Yorùbá orí fóònù mi, mo sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé Àjàyí yẹn wà lára àwọn tó jẹ́ kí a lè ka èyí.

Bí ẹ bá ṣe tán láti rìn jìnnà díẹ̀ sí i, Canterbury ni ìtàn náà gbà lọ. Nínú kátídírà ibẹ̀ ni wọ́n ti fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864. Ẹni tó wá wòran ń san owó ìwọlé, ẹni tó bá wá jọ́sìn kì í san. Láti Canterbury, ọ̀nà ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Crab and Winkle Way, bí kìlómítà 12, apá kan rẹ̀ wà lójú irin àtijọ́ tí wọ́n ṣí lọ́dún 1830, ó gba inú igbó Blean lọ sí etíkun ní Whitstable. Ọ̀nà náà gbẹ, ó sì gbooro, kò ní àkàsọ̀ tí ẹ ó máa gùn. Ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń dùn lè wọ bọ́ọ̀sì láàárín ìlú méjèèjì, kí ẹ pàdé létí òkun. Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ béèrè bóyá èyí tí ẹ fi lọ sí Canterbury yóò ṣe é fi padà láti Whitstable, nítorí ojú irin ọ̀tọ̀ ni.